Ìwé Ọbẹ̀ Wọ Láíbìrì: Ṣé Ó Kú Ni, àbí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jí?

Ewì, ìtàn àròsọ àti eré orí ìtàgé la sábà máa ń ṣe lámèyítọ́ fún lójú ewé wọ̀nyí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé ìdáná ni mo gbé wá. Kì í tún ṣe ìwé ìdáná tiwa, ti àwọn Júù ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa fi mí ṣẹ̀sín: ṣé ìwé tó ní kí á bu ìyẹ̀fun ife méjì, kí á fọ́ ẹyin mẹ́ta sí i, kí á pò ó pọ̀, ni èèyàn fẹ́ jókòó tú palẹ̀ bíi pé Fágúnwà ló kọ ọ́? Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ ṣáà ní sùúrù fún mi.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò ni kí wọ́n máa ṣa ìwé ìdáná àwọn Júù jọ. Wọ́n á rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù ìwé. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ọmọ olóògbé tó ń kó ẹrù ìyá rẹ̀ kúrò nílé. Nígbà tó bá sì pọ̀ tán, láíbìrì ni wọ́n ń fi ta lọ́rẹ. Ẹ̀ka ìwé àwọn Júù tó wà ní New York Public Library, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1897, tí wọ́n ń pè ní Dorot Jewish Division lónìí, ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú. University of Michigan náà ní tirẹ̀, nínú àkójọ tó ń jẹ́ orúkọ Janice Bluestein Longone. Ìyá yìí, tó kú ní 2022, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé oúnjẹ àtijọ́ láti 1972 nílùú Ann Arbor. Òun àti ọkọ rẹ̀, Daniel, ló kó ohun tí wọ́n ti ṣà jọ láti ọdún yìí wá fún yunifásítì náà.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nìyí. Ìwé tí wọ́n kọ kí èèyàn lè fi dáná, tó wá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tó wọ inú páálí nínú yàrá tútù, níbi tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé omi wọlé, ṣé ìwé ìdáná náà ló ṣì jẹ́? Àwọn kan ní láíbìrì ni sàárè irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọbẹ̀ tí a kò sè kì í ṣe ọbẹ̀. Èmi ò gbà. Ní tèmi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé yìí kò tíì sọ̀rọ̀ tán títí wọ́n fi dé láíbìrì. Ìwé kan ṣoṣo nínú kíṣíìnì, oúnjẹ nìkan ló lè sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí mẹ́wàá bá jókòó ti ara wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn, inú iyàn yẹn sì ni ìtàn wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe rí. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ìwé tí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá gbé jáde. Àwọn obìnrin inú sínágọ́gù ló jókòó, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún òrùlé ṣe tàbí àwọn fẹ́ ran aláìní lọ́wọ́. Kálukú á mú ọ̀nà tó ń gbà se oúnjẹ tirẹ̀ wá, wọ́n á pa á pọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tà á. Èyí tí àwọn onímọ̀ kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láàárín àwọn Júù Amẹ́ríkà ni The Fair Cook Book, tó jáde ní Denver ní 1888. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Nígbà tó yá, àwọn míì kàn ń fi ẹ̀rọ táípì tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi stencil rọ ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń fi wáyà tàbí ike oníhò dì í lẹ́yìn. Wọ́n á gba ìpolówó lọ́wọ́ alápatà, lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta bàtà, kí owó ìtẹ̀wé lè pé. Ẹ wo ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí ná: fọ́tòkọ́pì, pínnì méjì lẹ́yìn, ojú ewé tó wọ́. Ẹbí kan náà ni wá jàre.

Kíka irú ìwé yìí gba ọgbọ́n. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin níbẹ̀, á sú u. Ibi mẹ́ta ni mo máa ń wò. Èkíní ni orúkọ. Lábẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sábà rí orúkọ ẹni tó mú un wá, ṣùgbọ́n nínú àwọn ti àtijọ́, orúkọ ọkọ ni: wọ́n á kọ Mrs., orúkọ ọkọ á sì tẹ̀ lé e, látorí dé ìdí. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ ọmọ ló ń bo orúkọ ìyá mọ́lẹ̀, a ó ní Ìyá Bísí, Ìyá Sùnkànmí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ti ọkọ ni. Obìnrin á kọ ìwé tán, a ò ní rí orúkọ rẹ̀ gan-an níbẹ̀. Èkejì ni ìpolówó ọjà. Ọ̀pọ̀ irú ìwé yìí kò ní ọdún lára, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tẹlifóònù àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ìpolówó lè jẹ́ kí òṣìṣẹ́ láíbìrì mọ ìgbà tó jáde. Ẹ̀kẹta ni àbàwọ́n. Ibi tí òróró ti ta sí, ibi tí ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé ṣúgà yìí ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni èèyàn ti lo ìwé náà. Ojú ewé tó mọ́ tónítóní, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé wọn ò sè é rí.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìwé mẹ́rin sórí àtẹ kan náà. Kò dìgbà téèyàn bá wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó rí wọn kà. Láíbìrì Michigan State University ti ya àwòrán ìwé ìdáná Amẹ́ríkà 76 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àkọlé Feeding America. Mẹ́ta nínú mẹ́rin mi wà níbẹ̀, Project Gutenberg sì ní ẹ̀kẹrin. Orí fóònù ni mo ti kà wọ́n, lóru, nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń fara balẹ̀.

Èyí tó dàgbà jù ni The Jewish Manual, tó jáde ní London ní 1846. Orúkọ òǹkọ̀wé kò sí níwájú rẹ̀; ohun tí wọ́n kọ ni pé obìnrin ọlọ́lá kan ló ṣe é. Àwọn onímọ̀ gbà pé Judith Montefiore ni, ìyàwó Moses Montefiore, ọ̀kan nínú àwọn Júù tó lókìkí jù lọ ní England nígbà náà. Yàtọ̀ sí oúnjẹ, ìwé náà tún kọ́ni bí obìnrin ṣe ń tọ́jú ara àti ẹwà. Bí mo ṣe kà á, kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa ló ń bá sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ní ọmọ ọ̀dọ̀, tó ń gbàlejò, ló ń bá wí, ó sì ń fi yé e pé téèyàn bá pa òfin Júù mọ́, tábìlì rẹ̀ ò ní tìtorí ẹ̀ kéré sí tàwọn ọlọ́lá yòókù. Èdè rẹ̀ dára, àmọ́ ó ga sókè díẹ̀.

Èkejì ni Jewish Cookery Book, tí Esther Levy kọ, tó jáde ní Philadelphia ní 1871. Òun ni ìwé ìdáná Júù àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìyá yìí kì í ṣeré rárá. Ó kọ́ni bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹran sómi tí wọ́n sì ń fi iyọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, ó to kàlẹ́ńdà àwọn Júù sínú ìwé, ó tún sọ ti oògùn ilé. Bí mo ṣe ń kà á, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé olùkọ́ àgbà kan dúró tì mí pẹ̀lú ẹgba.

Fún ẹni tí kò mọ òfin tí mò ń wí, ẹ ṣí Bíbélì sí Léfítíkù orí 11. Ohun inú omi tí kò bá ní lẹ́bẹ́ àti ìpẹ́, Júù tó ń pa òfin mọ́ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Nítorí náà ẹja àrọ̀ tí ẹ̀ ń pè ní point and kill kò wọlé o, kò ní ìpẹ́. Edé àti akàn ò wọlé, ẹlẹ́dẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀. Wọn kì í tún da ẹran pọ̀ mọ́ mílíìkì tàbí bọ́tà. Oúnjẹ tó bá òfin mu ni wọ́n ń pè ní kosher.

Ó dáa, ẹ wá wo ìwé kẹta: "Aunt Babette's" Cook Book, tí ilé-iṣẹ́ Bloch gbé jáde ní 1889. Bertha F. Kramer ló kọ ọ́, orúkọ àlàjẹ́ ni Aunt Babette. Ẹ ó rí oúnjẹ àjọ Ìrékọjá níbẹ̀, níbi tí Júù ò ti gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwúkàrà. Nínú ìwé kan náà, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń se ẹran inú ìkarahun òkun àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Há! Ọdún méjìdínlógún péré ló wà láàárín rẹ̀ àti ìwé Levy.

Bí ẹ bá bá Aunt Babette's nìkan nínú kíṣíìnì ìyá àgbà kan, ẹ ó ní ìyá yìí ti gbàgbé òfin. Bí ẹ bá sì bá ti Levy nìkan, ẹ ó ní gbogbo Júù Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn ló ń fi iyọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹran. Irọ́ ni méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá jókòó pọ̀ lórí àtẹ lẹ ó rí i pé ìjà kan ń lọ láàárín àwọn èèyàn kan náà nípa ohun tó ń sọ èèyàn di Júù ní ilẹ̀ tuntun: ṣé ohun tó wọ ẹnu ni, àbí àjọ̀dún, àbí ẹbí? Ìjà náà ti jáde sí gbangba ní Cincinnati ní 1883, níbi àsè tí wọ́n ṣe fún àwọn tó kọ́kọ́ gboyè ní Hebrew Union College, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn rábì. Wọ́n gbé edé, akàn àti itan ọ̀pọ̀lọ́ síwájú àwọn rábì. Àwọn kan dìde kúrò nídìí tábìlì. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa àsè yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lójoojúmọ́, nígbà tí kò sí rábì níbẹ̀, ìwé ìdáná ló sọ ọ́ jù.

Ìwé kẹrin ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, The Settlement Cook Book, Milwaukee, 1901. Lizzie Black Kander ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin aṣíwọ̀lú, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Rọ́ṣíà, ní oúnjẹ sísè. Kíkọ ohun tó wà lójú pátákó sínú ìwé ń jẹ àkókò wọn, ló bá ní kí ìgbìmọ̀ fún òun ní dọ́là 18 láti tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ ní rárá. Dọ́là 18! Ló bá lọ wá ìpolówó ọjà, ó fi tẹ̀ ẹ́. Ìwé tí wọn ò fẹ́ ná dọ́là 18 lé lórí yìí ti tà ju mílíọ̀nù méjì ẹ̀dà lọ, owó rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé tuntun fún ẹgbẹ́ náà. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé kò fojú kéré ohunkóhun. Ó kọ́ni bí wọ́n ṣe ń dá iná sítóòfù àti bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́ kí ó tó wá dórí oúnjẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀, tó ń wo sítóòfù àjèjì, ló ń bá sọ̀rọ̀. Àléébù rẹ̀ náà hàn: ó fẹ́ sọ ọmọ Rọ́ṣíà di ará Amẹ́ríkà kíákíá, ohun tí òfin Júù kọ̀ sì wà lára oúnjẹ rẹ̀. Orúkọ wo ló sì wà níwájú ìwé? Mrs. Simon Kander. Ìyẹn náà ni mo wí lẹ́ẹ̀kan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká kúrò ní Amẹ́ríkà, nítorí ọ̀rọ̀ láíbìrì àti sàárè yìí, Yúróòpù ló ti le jù.

Ní ìlú Vilna, tó wà lábẹ́ Poland nígbà náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Fania Lewando ní ilé oúnjẹ kan tí wọn kì í ti í se ẹran. Marc Chagall, ayàwòrán, àti akéwì Itzik Manger wà lára àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé àlejò rẹ̀. Ní 1938 ó kó ọ̀nà oúnjẹ bí 400 jọ ní èdè Yiddish, ó tẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ogun Hitler wọ Vilna, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Júù ibẹ̀. Lewando àti ọkọ rẹ̀ gbìyànjú láti sá lọ ní 1941. Wọn ò yè é. Àwọn tí ì bá máa se oúnjẹ rẹ̀, àwọn tí ì bá máa bi í pé iyọ̀ mélòó, gbogbo wọn ló lọ. Níbo ni kíṣíìnì tí ìwé náà ì bá wà? Kò sí mọ́.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun, tọkọtaya kan rí ẹ̀dà rẹ̀ kan níbi ọjà ìwé àtijọ́ ní England. Wọ́n rà á, wọ́n fi ránṣẹ́ sí YIVO ní New York. YIVO ni àjọ tó ń tọ́jú ìwé àti èdè Yiddish. Vilna yìí gan-an ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1925, kí ó tó kó lọ sí New York ní 1940. Ìlú kan náà ló bí ìwé àti láíbìrì, ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n ti wá pàdé. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin méjì kan ti rí i, ni wọ́n bá ní ó gbọ́dọ̀ jáde. Eve Jochnowitz túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní 2015 pẹ̀lú àkọlé The Vilna Vegetarian Cookbook. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ lè fi se oúnjẹ alẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní láíbìrì ni sàárè, ẹ dá mi lóhùn: bí tọkọtaya yẹn bá gbé e sílé, tí wọ́n kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́, ta ni ì bá fi sè é?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwé ìdáná ló yẹ kó padà sí kíṣíìnì. Èyí ló mú mi dé ìdí ìwé tó le jù lọ́wọ́ mi. Ní Terezín, ní ilẹ̀ Czech, níbi tí àwọn Násì kó àwọn Júù sí, ebi ń pa àwọn obìnrin kan títí dójú ikú. Nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ lóru, oúnjẹ ni wọ́n ń sọ: bí ìyá mi ṣe ń ṣe kéèkì rẹ̀ nìyí, rárá o, ẹyin rẹ̀ ò tó. Àwọn tó la irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ já máa ń pè é ní fífi ẹnu dáná. Àwa Yorùbá ní ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko. Ẹni tó ń fọ́nnu la fi ń bú. Ẹ wá wo ibi tí òwe náà ti yí padà: àwọn tó jẹ́ pé ẹnu nìkan ló kù wọ́n kù láti fi rofọ́. Mina Pächter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn sílẹ̀ sórí ìwé. Mina kú síbẹ̀ ní 1944. Kó tó kú, ó fi ìwé náà lé ọ̀rẹ́ kan lọ́wọ́ pé kó bá òun gbé e dé ọwọ́ ọmọ òun, Anny. Ọwọ́ dé ọwọ́, ìlú dé ìlú, nǹkan bí ọdún 25 ni ó gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà ní New York. Ní 1996 ni Cara De Silva ṣe olóòtú rẹ̀, tí Bianca Steiner Brown, tí òun náà ti jìyà ní Terezín, túmọ̀ rẹ̀, tó sì jáde bí In Memory's Kitchen.

Ohun tí mo yìn jù nínú iṣẹ́ olóòtú yìí ni ohun tí kò ṣe. Kò tún ìwé náà ṣe. Èròjà kan ò sí níbì kan, wọ́n fo ìgbésẹ̀ kan níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi í sílẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ní kí kéèkì lè wú, òun á fi ẹyin sí i. Bó bá fi ẹyin sí i, ìwé náà bàjẹ́ nìyẹn. Àlàfo yẹn ni ẹ̀rí ebi. Òǹkàwé tó bá débẹ̀ mọ̀ pé ọpọlọ tí ebi ń pa ló ń rántí, ó sì gbàgbé ẹyọ kan. Ní tèmi, ewì ni, àní bí kò tilẹ̀ ní ìlà kan tó jọ ewì. Irú ìwé báyìí, ibi tí ó yẹ ẹ́ ni ibi tí a ó ti kà á, tí a ò ní sè é. Àtẹ láíbìrì ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè ní, ó dáa, o ti yan èyí tó wù ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan tó dojú kọ èrò mi yìí kún un. Ìdílé Fenves ń gbé ní Subotica. Ní 1944, nígbà tí wọ́n ń kó wọn lọ, àwọn aládùúgbò dúró dè wọ́n lórí àtẹ̀gùn kí wọ́n lè wọlé kó ẹrù. Obìnrin tó ti ń dáná fún wọn, Maris, bá wọn wọlé, ṣùgbọ́n ìwé ọbẹ̀ ìyá ilé náà àti àwọn àwòrán tí ìyá yà ló kó. Ó tọ́jú wọn títí ogun fi parí, ó sì dá wọn padà fún àwọn ọmọ. Ìyá kò padà dé. Ọmọ rẹ̀, Steven Fenves, fi ìwé náà ta United States Holocaust Memorial Museum lọ́rẹ ní Washington. Ibẹ̀ ni Alon Shaya, ọ̀gá aláṣè kan, ti rí i, ó sì bẹ Fenves kó bá òun túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Hungary. Ó sè é, ó gbé oúnjẹ náà fún bàbá àgbà náà. Bàbá tún jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ohun tó ju 70 ọdún lọ. Nítorí náà, ìwé ìrora náà lè padà sí iná. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìwé Fenves, nínú ilé tí wọ́n ti ń jẹun yó ni wọ́n ti kọ ọ́. Ti Terezín kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣelámèyítọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí, olóúnjẹ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

N kò ní torí èyí sọ pé láíbìrì ò lẹ́bi o. Ẹ̀bi wọn wà. Ètò Library of Congress, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà náà ń lò, TX724 ni wọ́n fún oúnjẹ àwọn Júù. Títí di 2010, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tó ti gbó pe gbogbo ìwé ìdáná nínú káálọ́ọ̀gì kí wọ́n tó yí i padà. TX ni ti ọ̀rọ̀ inú ilé, ó jìnnà sí ibi tí ìwé ìtàn wà, ó sì jìnnà sí ibi tí lítíréṣọ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kì í débẹ̀. Ẹ̀bi kejì ni pé bí wọ́n bá ti ní ẹ̀dà kan, wọ́n lè kọ èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí ìyá kan fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí yàtọ̀ sí èyí tó mọ́. Ìwé tuntun ni, òǹkọ̀wé méjì ló ní.

Àwọn tó ń ṣa ìwé jọ náà ní ẹ̀bi tiwọn. Àwọn kan, àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tó mọ́ tónítóní ni wọ́n ń lé kiri, torí iye tó ń pa wọ́n ló ń wù wọ́n. Ẹni tó ń ṣe é dáadáa á mú èyí tó fàya, tó rùn, tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú kékeré tí sínágọ́gù rẹ̀ ti pa dé. Nígbà tó bá sì ń fi í lọ́lẹ̀, á kọ ọ́ sórí ìwé ọ̀tọ̀: ọ̀dọ̀ ta ni mo ti rí i, ìlú wo, ta ló ni ín, ọwọ́ ta ló kọ eléyìí. Bí kò bá kọ ọ́, òṣìṣẹ́ láíbìrì ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bùn tí kò ní àlàyé, ìdajì rẹ̀ ló dé. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, aṣelámèyítọ́ bíi tiwa ni wọ́n: wọ́n ti sọ pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìwé lásán yìí, kíkà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá o, kì í ṣe ti àwọn Júù nìkan. Òfin National Library ti 1970 ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà kó ẹ̀dà mẹ́ta sílẹ̀ fún ìtọ́jú. Ta ló ti kó ti ẹgbẹ́ wa lọ? Àwọn obìnrin Denver ní 1888 kò rò pé ẹnikẹ́ni máa ka ìwé wọn ní Nàìjíríà. Òrùlé àti aláìní ni wọ́n ń rò. Àwa náà, ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ń rò. Àbá tí mo mú wá ni pé lẹ́yìn ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ mú ẹ̀dà méjì lọ sí láíbìrì wa, kó kọ ọdún sí i lára, kó sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó kọ nǹkan sínú rẹ̀, orúkọ àbísọ, kì í ṣe ìnagijẹ nìkan.

Ẹni tó bá sì ní àwọn ìtẹ̀jáde wa àtijọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì, ẹ jọ̀ọ́, kó má fi di àkàrà. Bó bá sì ti fi di àkàrà kọjá, kò burú. Kó gbé e wá pẹ̀lú òróró ẹ̀.